Kí ló tó kí wọ́n torí ẹ̀ jí èèyàn lóru?

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni kọ̀ǹpútà mi, èyí tó ń bá mi gba àwòrán ojú ọjọ́ látọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, fi purọ́ fún mi. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, òun gan-an ò purọ́, ohun tí mo ní kó máa sọ náà ló ń sọ. Láràárọ̀ tí mo bá ti jí, màá nawọ́ mú fóònù, màá rí i tó kọ ọ́ síbẹ̀: ó yọrí, ó yọrí, ó yọrí, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje, bí iye ìgbà tí sátẹ́láìtì kọjá lókè Abẹ́òkúta bá ṣe pọ̀ tó, inú mi á dùn, màá dìde lọ fọnu. Àṣé omi òjò ti ráyè wọ ẹnu wáyà tó so áńtẹ́nà mọ́ rédíò lórí òrùlé, ariwo ṣììììì lásán ni ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀. Fáìlì wà níbẹ̀ o, ó sì tóbi bó ṣe yẹ kó tóbi, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, àfi bí ìgbà tí wọ́n ta ẹ̀kọ fún yín, tẹ́ ẹ tú ewé títí, tó jẹ́ ewé náà lẹ bá dé ìdí ẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló tú àṣírí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, tíṣà ní kí wọ́n ya ìkúukùu wá sílé ìwé, ó wá ní kí n fi èyí tí sátẹ́láìtì yà hàn òun kóun wò ó yà. Mo ṣí ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, eérú ni mo rí. Mo ṣí ti àná, eérú. Ti ìjẹta, eérú kan náà. Ó wò mí lójú, ó ní "Dádì, ìkúukùu dà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Kọ̀ǹpútà àti fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ṣápọ́n, òun ló ń bọ́ mi, ti sátẹ́láìtì yìí, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún mi lórí ẹ̀. Ọdún 2017 ló wọ̀ mí lára, ìgbà tí àwọn FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, fi sátẹ́láìtì NigeriaEduSat-1 sókè pẹ̀lú àwọn ará Japan, Ghana, Mongolia àti Bangladesh, nǹkan kékeré bíńtín, sẹ̀ńtímítà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, 10 ní gíga, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ṣúgà lọ. Oṣù keje ọdún yẹn ni wọ́n tú u sílẹ̀ láti ara ISS, ibùdó ńlá tí èèyàn ń gbé lójú òfuurufú. Wọ́n ní ohùn Morse, pí-pí ti tẹligíráàmù àtijọ́, ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo ra rédíò kékeré tí wọ́n ń ki bọ ojú USB, kò ju àtàǹpàkò lọ, mo so wáyà mọ́ páìpù omi, mo gun òrùlé ilé tí mo háyà ní Ọbańtòkó, mo dúró. Nígbà tí mo gbọ́ pí-pííí-pí yẹn látojú sánmà, látinú nǹkan tí ọwọ́ àwọn ọmọ Àkúrẹ́ wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin ará, orí mi wú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bọ́ sórí àwọn sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà, NOAA 15, 18 àti 19, torí àwọn yẹn ń ya àwòrán ilẹ̀ àti ìkúukùu, ẹnikẹ́ni tó bá ní áńtẹ́nà ló lè gbà á, lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró ẹ̀ lórí rédíò, bí aago ara ògiri ló ṣe ń dún, kẹ́ẹ́-kọ̀ọ́, kẹ́ẹ́-kọ̀ọ́, ìlà méjì nínú àwòrán ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ìyọnu ẹ̀ ni pé nǹkan bí ìṣẹ́jú 102 ló fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, tó bá wá gba ọ̀dọ̀ wa, kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ tó fi máa wọ̀, kò dẹ̀ kàn án bóyá ẹ ń sùn. Aago méjì òru. Aago márùn-ún ààbọ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń di áńtẹ́nà mú nígbà yẹn, mo ń yí i tẹ̀ lé e bó ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta ni mo fi ń jí gun òrùlé láàárín òru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, títí ìyàwó mi fi bi mí lọ́jọ́ kan pé tó bá jẹ́ obìnrin ló wà lókè yẹn kí n kúkú sọ fóun.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ script nìyẹn, ìlànà tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé fúnra ẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo gbé fún un ò le láti fẹnu sọ. Kó lọ kó nọ́ńbà tó ń júwe ọ̀nà sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì (ìlà méjì péré ni nọ́ńbà ọ̀hún, tó bá ti pẹ́ jù kì í tọ̀nà mọ́), kó fi ṣírò aago tó máa yọ lójú sánmà Abẹ́òkúta àti aago tó máa wọ̀, kó ṣí rédíò dè é, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ wa àti bó ṣe ń jìnnà, torí ìró ẹ̀ kì í dúró sójú kan, bí fèrè ọkọ̀ ojú irin ṣe máa ń han tó bá ń bọ̀ tó sì máa ń rọlẹ̀ gẹ́rẹ́ tó bá ti kọjá yín, kó gbà á sílẹ̀, kó sọ ọ́ di àwòrán, kó fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Àwọn tó ń darí sátẹ́láìtì gidi, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe látilẹ̀ nìyí náà, tiwọn kàn fi àṣẹ tí wọ́n ń rán lọ sókè kún un ni, èmi ò lẹ́nu láti pàṣẹ fún sátẹ́láìtì ẹnì kan.

Ohun tó fojú mi rí màbo ni aago. Kọ̀ǹpútà kékeré tí mo ń lò, Raspberry Pi, kò ní bátìrì tó ń bá a tọ́jú aago. Tíná bá lọ, ó parí, tíná bá wá dé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tíì dé, á rò pé ìgbà tíná lọ yẹn la ṣì wà, á jókòó máa retí sátẹ́láìtì tó ti kọjá láti bíi wákàtí mẹ́rin, bí ẹni tó sùn lọ lọ́sàn-án tó jí lálẹ́ tó ń kí gbogbo ilé ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin náà dẹ̀ mọ iná wa. Àfìgbà tí mo ra aago kékeré oníbátìrì kan tí wọ́n ń so mọ́ ọn kí n tó gbádùn.

Ó wá ń ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ ń ṣe é jù. Gbogbo nǹkan ni mo ní kó máa sọ fún mi: mo ti ṣí rédíò, mo ti pa á, nọ́ńbà tuntun ti dé, iná lọ, iná dé, àwòrán ti jáde, fóònù wá ń dún bí agogo ilé ìwé, mẹ́séèjì ogójì lóòjọ́. Mo kà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kejì mo ń wò ó fìrí. Nígbà tó yá mo pa ohùn ẹ̀, tí mo bá jí ni mo ń wo "ó yọrí" yẹn gààràgà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú, ọ̀rọ̀ ti kọjá òjò.

Irú ẹ̀ ti ṣe àwọn tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, ìyẹn ló ń tù mí nínú. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ESA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Yúróòpù, ní láti gbé sátẹ́láìtì wọn kan tó ń wọn atẹ́gùn, Aeolus, sókè díẹ̀ kó má baà kọ lu Starlink 44, ọ̀kan nínú sátẹ́láìtì íntánẹ́ẹ̀tì ti ilé iṣẹ́ SpaceX. ESA àti SpaceX ti jọ sọ ọ́ lórí ímeèlì lóṣù tó ṣáájú, nígbà tí ewu ẹ̀ ò tíì tó nǹkan, bíi ẹyọ kan nínú 50,000. Ewu wá ń ga, ó fo ẹyọ kan nínú 10,000 tí àwọn onísátẹ́láìtì máa ń torí ẹ̀ dìde. Àlàyé tí SpaceX ṣe lẹ́yìn náà ni pé ètò tó yẹ kó pe òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ní àléébù, kò jẹ́ kí onítọ̀hún rí ímeèlì tó sọ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ gbọ́ o. Ẹ́ńjìnnì ò bàjẹ́, ìṣirò ò já, aago tó yẹ kó jí èèyàn ni ò dún. Starlink ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí, tí mo bá rí àwo ẹ̀ lórí òrùlé kan ní Ọbańtòkó, ímeèlì yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Àwọn kan máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé ṣé iṣẹ́ ò ní tán lọ́wọ́ èèyàn báyìí. Iṣẹ́ ìṣọ́ òru, ó ti ń tán lọ́wọ́ èèyàn ó ti pẹ́, sátẹ́láìtì Proba-1 tí ESA yìí náà fi sókè lọ́dún 2001, ṣe ni wọ́n ṣètò ibùdó ẹ̀ ní Redu ní Bẹ́ljíọ̀mù kó lè máa bá a sọ̀rọ̀ lóru àti lópin ọ̀sẹ̀ láìsẹ́ni kankan nídìí ẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí. Ta ló fẹ́ máa jí ní aago méjì? Èyí tí mo ń rò ni irú ẹ̀rọ tí à ń fi sípò ẹni tó ń ṣọ́nà.

Bàbá mi àgbà ṣiṣẹ́ réluwéè ní Lafẹ́nwá, lórí ojú irin àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901 tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ẹyọ kan ni irin ọ̀hún, ọkọ̀ tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀, orí ẹ̀ náà ni. Irin róbótó kan wà báyìí, tí dírẹ́bà ò gbọdọ̀ kúrò ní stéṣọ̀n láìjẹ́ pé ó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Inú àpótí ló máa ń wà, àpótí yìí ní èkejì ní stéṣọ̀n tó kàn, wáyà so àwọn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n bá ti yọ irin kan nínú ìkan báyìí, àpótí méjèèjì há nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè yọ òmíràn títí èyí tó jáde á fi dé ibi tó ń lọ tí wọ́n á dá a padà sínú àpótí. Bàbá sọ fún wa pé ọ̀gá kan fẹ́ fagbára yọ ọ́ lọ́jọ́ kan torí ọkọ̀ ti pẹ́, ó mì ín, ó lù ú, ó ṣépè fún un, àpótí ò dá a lóhùn. Tí Bàbá bá ti débẹ̀ ẹ̀rín lẹ máa gbọ́: "Kò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọ ọ̀dọ̀!"

Ẹ wá wo Phobos 1, ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò sí èèyàn nínú ẹ̀. Àwọn Soviet ló fi í sókè lóṣù keje ọdún 1988, ó ń lọ sí Mars. Wọ́n kọ àṣẹ gbọọrọ kan ránṣẹ́ sí i látilẹ̀, lẹ́tà ẹyọ kan fò nínú ẹ̀. Lẹ́tà kan! Ó wá bọ́ sí ètò ìdánwò kan tí wọ́n lò nígbà tó ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò yọ kúrò nínú ẹ̀, ètò yẹn pa ohun tó ń jẹ́ kó lè kọjú síbi tó yẹ, ó yẹ̀ lójú oòrùn, bátìrì ẹ̀ kú. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án wọ́n pè é, kò jẹ́. Èyí tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó yẹ kó ka àṣẹ yẹn wò kó tó lọ. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ò ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn, wọ́n bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní ọ̀dọ̀ Bàbá ni, tí àpótí bá bàjẹ́, irin ò lè jáde, ọkọ̀ á jókòó, àwọn èrò á máa bú ìyá ẹni. Ti Phobos, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́nà sùn, ilẹ̀kùn wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Script tèmi náà, irú ẹ̀ ni mo kọ́: tí kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, "ó yọrí" ló máa sọ.

Ibi tí mo ti rí ọgbọ́n tí mo fi tún un ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán nǹkan lọ síbi tó jìnnà gan-an ni. Áńtẹ́nà ńláńlá tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fi ń bá irú wọn sọ̀rọ̀ ò pọ̀, ibi mẹ́ta ló wà, California, Madrid àti Canberra, ìlà ìdí ẹ̀ sì gùn ju ti ilé epo lásìkò ọ̀wọ́ngógó lọ. Ọkọ̀ wọn kan, Deep Space 1, tí wọ́n fi sókè lóṣù kẹwàá ọdún 1998 ni wọ́n fi dán nǹkan kan wò: kó máa yẹ ara ẹ̀ wò fúnra ẹ̀, ohùn mẹ́rin péré ni wọ́n fún un tó lè fi ránṣẹ́. Ìkíní, ara mi dá. Ìkejì, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ o, àmọ́ kò kán. Ìkẹta, ẹ wá gbọ́ tẹnu mi kó tó pẹ́. Ìkẹrin, ẹ gbà mí. Ọkọ̀ wọn míì, New Horizons, náà lo irú ẹ̀ nígbà tó ń sùn lọ sí Pluto, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi ohùn kan sọ fún wọn pé òun ṣì wà.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á, torí ohùn kìíní yẹn wà ní kọ́ńpáǹdì wa. Alhaja tó ni ilé, tó bá ti kírun àsùbáà tán, ìgbálẹ̀ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, wáá-wáá, wáá-wáá, láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀ dé ìdí kànga. Kò sẹ́ni tó ń dìídì gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ mọ́, ìgbálẹ̀ ò dún. Èmi, ìyàwó mi, bọ̀dá tó ń gbé yàrá iwájú, bá a ṣe bá ara wa lẹ́nu ọ̀nà Alhaja nìyẹn, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì, a ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọjọ́ kẹta ló padà wálé, ó dúró láàárín kọ́ńpáǹdì, ó wo ilẹ̀, ó ní ta ló gba ibí yìí tí kò mọ́ báyìí.

Ìgbálẹ̀ yẹn ni mo fi kọ́ script. Aago 6 àárọ̀, ọ̀rọ̀ kan péré: "mo wà". Kó tó lè sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ ti rí i pé ohùn tó gbà lóru ga ju ariwo lọ, pé aago ẹ̀ péye, pé nọ́ńbà sátẹ́láìtì ò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tí ìkan bá kù, kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣápọ́n tí kò níṣẹ́ míì ju kó máa retí "mo wà" yẹn, tó bá di aago 7 tí kò gbọ́ ọ, á pè mí, ìpè gidi tó ń dún, kò ní fi mẹ́séèjì. Kóòdù ẹ̀ ò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ohun tó gba ọ̀sẹ̀ méjì ni kí n jókòó pinnu ohun tó tó kí wọ́n torí ẹ̀ jí mi. Iná tó lọ, kò tó. Sátẹ́láìtì kan tí kò dún lẹ́ẹ̀kan, kò tó, ó lè jẹ́ òun ló wà nísàlẹ̀ jù lẹ́yìn òkè. Mẹ́ta léra, ó tó. Ooru tó pọ̀ jù nínú àpótí kọ̀ǹpútà, mo yí i padà lẹ́ẹ̀mẹrin, mi ò tíì mọ̀ títí dòní.

Nǹkan kan kù tí mi ò tíì sọ. Ọjọ́ tí ọmọ mi tú àṣírí yẹn, kí n tó gun òrùlé, mo kọ́kọ́ ki rédíò bọ etí mi. Láàárín ìmísí méjì mo ti mọ̀. Kò sí kẹ́ẹ́-kọ̀ọ́. Mo gòkè, mo tú ẹnu wáyà, omi kán tó, tó, sí mi lọ́wọ́, bàbà inú ẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé bí owó ayé àtijọ́. Etí mi tí mi ò lò láti ọdún méjì, tí mo ti fi script rọ́pò, òun ló dá mi lóhùn.

Ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà wá pa NOAA mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Rọ́ṣíà, Meteor, ni mo ń gbà báyìí. Àwòrán ẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, ọ̀sà Èkó tiẹ̀ máa ń hàn kedere tójú sánmà bá mọ́, àmọ́ dígítà ni, nọ́ńbà ló fi ń ránṣẹ́. Sí etí èèyàn, nígbà tó bá dáa jù gan-an, ṣììììì náà ló ń dún, kò yàtọ̀ sí ti wáyà tó gbomi. Etí ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ fún mi èyí tó jẹ́ ohùn àtèyí tó jẹ́ ariwo, àfi kí n gbà á gbọ́.

Mi ò gbà á gbọ́ tán. Mo ní kó máa fi àwòrán kékeré kan kún "mo wà" yẹn: tí ohùn bá wọlé dáadáa, òkìtì mẹ́rin lẹ máa rí, lójú igun mẹ́rin, bí ẹni bu gààrí sí ojú mẹ́rin lórí àtẹ, tí kò bá dáa, gbogbo ẹ̀ á fọ́n sí àárín. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti máa ń wò ó, Alhaja á máa gbálẹ̀ níta. Lánàá, òkìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ̀ díẹ̀ sí i. Script ní kò burú, kò tíì tó nǹkan tí wọ́n ń torí ẹ̀ jí èèyàn. Mo yọjú lójú fèrèsé, òjò ti ṣú dùdù lọ́nà Olúmọ. Mo lọ wá àkàbà.